Ẹ̀rí Èké àti Òtítọ́ Sísọ Nínú Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kristẹni: Àgbéyẹ̀wò

Lára Òfin Mẹ́wàá tí Bíbélì sọ pé Mósè gbà lórí òkè Sínáì ni òfin tí ó ka ẹ̀rí èké léèwọ̀, èyí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró níwájú adájọ́ kí ó purọ́ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Inú Ẹ́kísódù orí 20 àti Diutarónómì orí 5 ni òfin náà wà. Ìjọ Kátólíìkì àti ìjọ Lúteránì kà á sí òfin kẹjọ, àwọn ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Ìlà-Oòrùn sì kà á sí òfin kẹsàn-án, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé òfin kan náà ni. Ibi tí ẹnu wọn kò ti kò ni bí òfin náà ṣe fẹ̀ tó: ṣé ilé ẹjọ́ nìkan ni ó wà fún ni, àbí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu ènìyàn jáde, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo irọ́, títí kan èyí tí a fi gba ẹ̀mí aláìṣẹ̀ là, ṣé ẹni tí ó fi òtítọ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́ lè sọ pé òun kò rú òfin, ṣé ó sì yẹ kí Kristẹni búra rárá. Àgbéyẹ̀wò yìí tọ ipasẹ̀ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí láti inú Bíbélì dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ìjọ ìgbàanì, àwọn alátùn-únṣe ìsìn ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àti ìjọ òde òní. Ohun tí ó hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé ààbò ọmọnìkejì ni ìdí tí a fi ṣe òfin náà, àti pé ẹni tí ó bá gbàgbé ọmọnìkejì yìí ni ọ̀rọ̀ òtítọ́ àti irọ́ máa ń dojú rú mọ́ lọ́wọ́.

Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ibodè ìlú

Ní Ísírẹ́lì àtijọ́, ẹnu ibodè ìlú ni àwọn àgbààgbà ti ń dá ẹjọ́, kò sì sí ọlọ́pàá tàbí àyẹ̀wò ìka ọwọ́ tí ó lè fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹnu ẹlẹ́rìí ni ẹ̀mí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn wà, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí Diutarónómì orí 17 àti orí 19 fi gbé ìlànà mẹ́rin kalẹ̀: a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, àwọn adájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ dáadáa, bí ẹjọ́ bá já sí ikú, ọwọ́ àwọn ẹlẹ́rìí ni yóò kọ́kọ́ sọ òkúta, bí àṣírí ẹlẹ́rìí èké bá sì tú, ìyà tí ó pète fún ọmọnìkejì rẹ̀ ni yóò padà sórí òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ìlànà wọ̀nyí kalẹ̀ mọ̀ pé ó rọrùn láti fi ahọ́n pànìyàn ju kí a fi idà pa á lọ, ó sì fẹ́ kí ẹlẹ́rìí mọ ìwọ̀n ohun tí ó gbé sẹ́nu.

Síbẹ̀, ìtàn Nábótì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 21 fi hàn pé ènìyàn lè pa ìlànà mọ́ ní òde ara kí ó sì fi í ṣekú pani. Ọgbà àjàrà Nábótì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ọba Áhábù ní Jésíréẹ́lì, ọba sì fẹ́ sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀fọ́. Ó fi ọgbà mìíràn lọ̀ ọ́, ó fi owó lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Nábótì kọ̀ jálẹ̀ nítorí pé ogún àwọn baba rẹ̀ ni. Jésébẹ́lì ayaba wá kọ ìwé lórúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà ìlú pé kí wọ́n kéde ààwẹ̀, kí wọ́n fi Nábótì sí ipò ọlá láàárín àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì mú aláìníláárí méjì jókòó síwájú rẹ̀ láti jẹ́rìí pé ó bú Ọlọ́run àti ọba. Ẹlẹ́rìí tí òfin béèrè kò dín ní méjì, méjì náà sì ni ayaba pèsè. Ààwẹ̀ wà, àwọn àgbààgbà pé, ìwé ní èdìdì, kò sì sí ohun tí ó kù bí kò ṣe òtítọ́. Wọ́n sọ Nábótì ní òkúta pa lẹ́yìn odi, ọba sì lọ gba ọgbà náà. Nígbà tí wòlíì Èlíjà bá a níbẹ̀, ẹ̀sùn ìpànìyàn àti ti gbígba ohun olóhun ni ó kà sí i lọ́rùn, nítorí pé ohun tí ẹ̀rí èké náà já sí gan-an nìyẹn.

Ìtàn Súsánà fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Àwọn ìjọ Kátólíìkì àti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kà á mọ́ ìwé Dáníẹ́lì, nígbà tí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì fi í sínú Àpókírífà, ìyẹn àwọn ìwé tí wọn kò kà mọ́ Bíbélì gan-an. Àgbà méjì fẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin yìí nítorí pé ó kọ̀ fún wọn, ìjọ ènìyàn sì ti dá a lẹ́bi ikú kí ọ̀dọ́mọkùnrin Dáníẹ́lì tó ní kí wọ́n ya àwọn ẹlẹ́rìí náà sọ́tọ̀, kí ó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè abẹ́ igi tí wọ́n ti rí i. Olúkúlùkù dá orúkọ igi tirẹ̀, irọ́ wọn sì tú. Ọ̀ràn ẹ̀rí èké kò sì pin sínú Májẹ̀mú Láéláé, nítorí pé Máàkù orí 14 ròyìn pé àwọn tí ó jẹ́rìí èké sí Jésù kò rí ọ̀rọ̀ wọn mú dọ́gba, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6 sì sọ pé ẹlẹ́rìí èké ni wọ́n mú wá láti fi Sítéfánù sẹ́jọ́. Ìjọ tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ Olúwa rẹ̀ àti ti ajẹ́rìíkú rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ kò lè fi ojú kékeré wo òfin yìí.

Láti ilé ẹjọ́ dé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu

Àwọn òǹkọ̀wé Bíbélì fúnra wọn ni wọ́n mú òfin náà kúrò ní ilé ẹjọ́ nìkan. Òwe orí 6 ka ohun méje tí Ọlọ́run kórìíra, méjì nínú wọn sì jẹ mọ́ irọ́: ahọ́n èké àti ẹlẹ́rìí èké. Pọ́ọ̀lù, nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Éfésù orí 4, pàṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ pa irọ́ tì kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ òtítọ́, ìdí tí ó sì fi lélẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara kan náà ni wọ́n jẹ́. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tí ó tan arákùnrin rẹ̀ jẹ, ara òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tàn. Ìyìn Rere Jòhánù gbé ọ̀rọ̀ náà ga sí i, nítorí pé ó pe Kristi ní òtítọ́, ó sì pe èṣù ní baba irọ́, débi pé ẹni tí ó bá sọ irọ́ di àṣà ti yan ẹni tí yóò máa jẹ́ baba rẹ̀.

Ìtàn Ananíà àti Sáfírà nínú Ìṣe orí 5 fi ojú irú irọ́ kan hàn tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn olùfọkànsìn. Tọkọtaya yìí ta ilẹ̀, wọ́n yọ díẹ̀ pamọ́ nínú owó rẹ̀, wọ́n sì gbé ìyókù wá síwájú àwọn àpọ́sítélì bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Pétérù kò sọ pé ó pọn dandan kí wọ́n mú kọ́bọ̀ wá. Ó sọ fún Ananíà pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà kí ó tó tà á, owó náà sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn títà. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n fẹ́ gba ìyìn ẹni tí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọn kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbúra tẹ̀ lé èyí. Nínú Ìwàásù Orí Òkè, Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe búra rárá, pé kí bẹ́ẹ̀ ni wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Jákọ́bù orí 5 sì tún un sọ. Àwọn Anabaptist, ìyẹn àwọn alátùn-únṣe tí wọ́n kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n ṣe ní Schleitheim ní ọdún 1527. Àwọn Quaker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀ràn yìí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, títí tí òfin ọdún 1696 fi gbà wọ́n láàyè láti fi ìjẹ́wọ́ lásán dípò ìbúra. Ìjọ Áńgílíkà, nínú Àpilẹ̀kọ Mọ́kàndínlógójì rẹ̀ ti ọdún 1571, gbà pé Kristẹni lè búra nígbà tí ìjọba bá béèrè rẹ̀ nínú ọ̀ràn òdodo, ìjọ Kátólíìkì náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ẹni tí ó bá ń dúró de ìbúra kí ó tó sọ òtítọ́ kò tíì mọ ohun tí Jésù ń wí.

Irọ́ tí ó gba ẹ̀mí là

Kò sí ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná tó ibí yìí. Nínú Ẹ́kísódù orí 1, Fáráò pàṣẹ fún àwọn agbẹ̀bí Hébérù, Ṣífúrà àti Púà, pé kí wọ́n pa gbogbo ọmọkùnrin tí a bá bí. Wọ́n dá àwọn ọmọ náà sí, wọ́n sì sọ fún ọba pé àwọn obìnrin Hébérù ti máa ń bímọ kí àwọn tó dé. Nínú Jóṣúà orí 2, Ráhábù ará Jẹ́ríkò fi àwọn amí Ísírẹ́lì pamọ́ sábẹ́ pòròpórò ọ̀gbọ̀ lórí òrùlé rẹ̀, ó sì darí àwọn tí ń lépa wọn gba ọ̀nà mìíràn. Bíbélì sọ pé Ọlọ́run ṣe rere fún àwọn agbẹ̀bí náà, Májẹ̀mú Tuntun sì yin Ráhábù.

Láàárín àwọn olùkọ́ ìjọ ìgbàanì, John Chrysostom gbà pé ẹ̀tàn tí a fi ṣe ẹlòmíràn ní rere lè tọ̀nà. John Cassian náà fi irọ́ wé egbògi olóró, tí ó lè wo ẹni tí àìsàn ikú ń ṣe sàn, ṣùgbọ́n tí yóò pa ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó bá lò ó. Augustine, biṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí, kò gbà. Ó kọ ìwé méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún 395, èkejì ní nǹkan bí ọdún 420. Ó ṣàlàyé pé kí irọ́ tó jẹ́ irọ́, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí òun ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì fẹ́ fi í tan ẹlòmíràn. Nítorí náà ẹni tí ó ṣàṣìsọ kì í ṣe òpùrọ́, ẹni tí ó sì dákẹ́ kò purọ́. Ó pín irọ́ sí ọ̀nà mẹ́jọ, èyí tí ó burú jù lọ sì ni irọ́ tí a pa nínú kíkọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Èyí tí a fi gba ẹ̀mí là wà lára àwọn tí ó fúyẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni ó pe gbogbo wọn. Ní ti àwọn agbẹ̀bí àti Ráhábù, ó ní àánú wọn ni Ọlọ́run san lẹ́san, kì í ṣe irọ́ wọn.

Augustine kò fi ẹ̀kọ́ líle yìí sílẹ̀ láìní àpẹẹrẹ. Ó ròyìn Firmus, biṣọ́ọ̀bù Thagaste, ìlú tí a bí Augustine gan-an sí, tí ó fi ọkùnrin kan tí ó sá tọ̀ ọ́ wá pamọ́ nígbà tí Késárì ń wá a. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Késárì dé, ó sọ fún wọn pé òun kò ní purọ́, òun kò sì ní fi ọkùnrin náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n dá a lóró, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n mú un dé iwájú Késárì, ìdúróṣinṣin rẹ̀ sì ya Késárì lẹ́nu débi pé ó dárí ji ẹni tí ó fi pamọ́. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ Augustine kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi ẹni tí ó sá di í lé apànìyàn lọ́wọ́. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ẹni tí ó fi í pamọ́ gba ìyà náà sí ara tirẹ̀.

Thomas Aquinas, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó pín irọ́ sí mẹ́ta: èyí tí a pa láti ṣeni níbi, èyí tí a fi dẹ́rìn-ín pani, àti èyí tí a fi ranni lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀, àmọ́ àkọ́kọ́ ni ó wúwo. Nígbà tí inúnibíni dé bá àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn yọ, tí a lè pè ní fífi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọkàn: ẹni tí a bi léèrè bóyá àlùfáà wà nínú ilé rẹ̀ yóò sọ síta pé kò sí, yóò sì parí gbólóhùn náà nínú ara rẹ̀ pé, kò sí èyí tí mo gbọ́dọ̀ fi hàn yín. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ yìí ko àlùfáà Robert Southwell lójú ní ẹjọ́ rẹ̀ ní ọdún 1595, wọ́n sì tún gbé e ko àlùfáà Henry Garnet lójú ní ọdún 1606; wọ́n pa àwọn méjèèjì. Blaise Pascal, òǹkọ̀wé ará Faransé, bu ẹnu àtẹ́ lù ú nínú àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ jáde ní 1656 àti 1657, Póòpù Innocent Kọkànlá sì dá irú rẹ̀ tí ó le jù lẹ́bi ní ọdún 1679. Ìdájọ́ yẹn tọ̀nà, nítorí pé bí gbólóhùn bá lè parí sínú ọkàn ẹni tí ń sọ ọ́, kò sí ìlérí, ẹ̀rí tàbí àdéhùn kan tí ẹlòmíràn lè fara tì mọ́.

Hugo Grotius, onímọ̀ òfin ará Nẹ́dálàǹdì, gba ibòmíràn yọ ní ọdún 1625: irọ́ kì í ṣe irọ́ àfi bí a bá pa á fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ òtítọ́. Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ Lúteránì ará Jámánì, kọ̀wé lórí ohun tí òtítọ́ sísọ jẹ́ nígbà tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n Tegel ní Berlin. Ó fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí olùkọ́ rẹ̀ bi léèrè níwájú gbogbo kíláàsì bóyá lóòótọ́ ni bàbá rẹ̀ máa ń mutí yó wálé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà sẹ́. Bonhoeffer gbà pé irọ́ ni ìdáhùn náà, síbẹ̀ ó ní òtítọ́ wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ìbéèrè olùkọ́, nítorí pé olùkọ́ náà wọ inú àṣírí ilé onílé láìlẹ́tọ̀ọ́. Ìjọba Hitler pa Bonhoeffer ní Flossenbürg ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1945. Kátékísímù ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1992 kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti gbọ́ òtítọ́ yìí sínú ìtumọ̀ irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà èdè Látìn ti ọdún 1997 yọ ọ́ kúrò. Ìyípadà náà fi hàn pé ìjọ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Òtítọ́ tí ń ba ti ẹni jẹ́

Àwọn tí ń jiyàn lórí irọ́ tí ń gba ẹ̀mí là máa ń gbójú fo ohun kan tí gbogbo ìjọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ìyẹn ni pé ènìyàn lè rú òfin yìí láìpa irọ́ kankan. Martin Luther, nínú Kátékísímù Ńlá rẹ̀ ti ọdún 1529, kọ́ni pé ẹni tí ó bá mọ ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ kò láṣẹ láti máa gbé e kiri. Ọ̀dọ̀ ẹni náà ni kí ó lọ bá a sọ ọ́, tàbí kí ó fi lé ẹni tí ó láṣẹ láti ṣèdájọ́ lọ́wọ́. Nínú Kátékísímù Kékeré rẹ̀, ó ní kí Kristẹni máa gbèjà ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó sì máa túmọ̀ ohun tí ó ṣe sí rere bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Kátékísímù Westminster Ńlá, tí àwọn Presbitéríà ń lò, ka sísọ òtítọ́ ní àkókò tí kò yẹ tàbí pẹ̀lú èrò ibi mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kẹsàn-án kà léèwọ̀.

Ìjọ Kátólíìkì ya ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ níbí: kíkù gììrì dá ọmọnìkejì lẹ́bi nínú ọkàn láìrí ẹ̀rí tó, títú àbùkù rẹ̀ tí ó jẹ́ òótọ́ fún ẹni tí kò ní ìdí láti gbọ́, àti pípa irọ́ mọ́ ọn láti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kọ́ náà tún sọ pé ẹni tí ó bá dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tún orúkọ tí ó bàjẹ́ ṣe, nítorí pé ìdáríjì nìkan kò dá ohun tí a jí padà fún olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò: dídákẹ́ nígbà tí aláìlágbára ń jìyà kì í ṣe ìfẹ́. Léfítíkù orí 5 ka ẹni tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó sì kọ̀ láti jẹ́rìí sí ẹlẹ́bi. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ọwọ́ bo ìwà ìkà tí a hù sí ọmọdé tàbí opó mọ́lẹ̀, kí orúkọ ìjọ má bàa bàjẹ́, ti di ẹlẹ́rìí èké láìya ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀rí èké lórúkọ Ọlọ́run

Irọ́ tí Augustine fi síwájú gbogbo irọ́, ìyẹn èyí tí a pa nínú kíkọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ni ó yẹ kí ìjọ òde òní fi ṣe àyẹ̀wò ara rẹ̀. Nínú Jóòbù orí 13, Jóòbù bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá wọn yóò máa sọ ohun tí kò tọ́ nítorí Ọlọ́run. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, Pọ́ọ̀lù sọ pé bí Kristi kò bá jíǹde, a jẹ́ pé àwọn àpọ́sítélì ti di ẹlẹ́rìí èké nípa Ọlọ́run. Bí àpọ́sítélì bá lè fi ara rẹ̀ sábẹ́ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ ga ju àyẹ̀wò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ ìjọ máa ń jáde síwájú láti jẹ́rìí sí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wọn, àṣà tí ó dára tí ó sì ń gbé ìgbàgbọ́ ró ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi iyọ̀ sí ìtàn ìwòsàn kí ó lè dùn, tàbí tí a kéde pé àrùn ti lọ kí ó tó lọ, Ọlọ́run gan-an ni a purọ́ mọ́, aláìsàn tí ó gbọ́ ọ tí ó sì pa oògùn rẹ̀ tì ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ kò sì tíì kógbá sílé. Ní kóòtù Nàìjíríà, Kristẹni ń fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí ń fi Kùránì búra, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì lè fi irin búra. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún láti ayé amúnisìn fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìjẹ́rìí èké, ó sì fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ bí a bá jẹ́ ẹ láti fi mú kí a dá ẹlòmíràn lẹ́bi ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ìlànà Diutarónómì ṣì ń mí nínú rẹ̀: ìwọ̀n ibi tí ẹlẹ́rìí èké pète ni ìwọ̀n ìyà rẹ̀.

Ìdájọ́

Bí a bá kó gbogbo ẹ̀kọ́ yìí jọ, àríyànjiyàn tí ó kù kò tóbi tó bí ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Augustine àti Cassian, tàbí láàárín Aquinas àti Bonhoeffer, kò kọjá ibi tóóró kan tí apànìyàn dúró sí lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wá aláìṣẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí, Ráhábù àti Firmus kò gba ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ewu ara tirẹ̀ ni olúkúlùkù wọn gbé kí ẹlòmíràn lè yè. Àwọn ẹlẹ́rìí Jésíréẹ́lì ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹ̀mí ẹlòmíràn ni wọ́n ná kí ọba lè rí ọgbà gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn Ráhábù gbe irọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ta ni irọ́ náà yóò ṣe láǹfààní, àti ta ni yóò jìyà bí àṣírí bá tú. Bí àǹfààní bá jẹ́ tirẹ̀, tí ìyà sì jẹ́ ti ọmọnìkejì, Nábótì ni ó tún ń pa. Kí olúkúlùkù onígbàgbọ́ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu, ìbáà ṣe ní kóòtù, lórí pẹpẹ, ní ìpàdé ẹbí tàbí lórí fóònù, wádìí bóyá òótọ́ ni, kí ó sì wádìí bóyá sísọ rẹ̀ yóò dáàbò bo ẹnìkan kí ó tó ya ẹnu.